Tinúkẹ́ àti Imú Bàbá Akínlolú

Inú ṣì ń bí mi bí mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, mi ò ní purọ́. Èmi Dọ̀tun ni mò ń kó yìnyín sọ́kọ̀ ní ilé iṣẹ́ yìnyín kan lójú ọ̀nà Ìlúpéjú sí Ọ̀yẹ́. Tinúkẹ́ ló ń bójú tó ẹ̀rọ ibẹ̀. Ọmọ Àsin ni, òun nìkan sì ni obìnrin láàárín ọkùnrin mẹ́tàlélógún tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ náà.

Gáàsì amóníà ló ń sọ omi wa di yìnyín. Òórùn rẹ̀ dà bí ìtọ̀ àná. Bí ó bá kéré, ojú ló ń ta. Bí ó bá pọ̀, ó ń pani. Tinúkẹ́ kì í fi imú wá ibi tó ń jò. Á wọ máàsìkì, á ní kí n dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kí n máa wo òun, á fi omi rin bébà pupa kékeré kan, á sì nà án sí oríkèé páìpù kọ̀ọ̀kan. Ibi tí bébà bá ti di búlúù, ibẹ̀ ló ń jò. Ó máa ń gbà á tó wákàtí méjì.

Wákàtí méjì yẹn ni Bàbá Akínlolú, ọ̀gá wa, kò fẹ́ràn. Ó ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nídìí yìnyín, ó sì ní imú òun tó òun í lò. Gbogbo àdúgbò ló mọ imú náà. Àní, àwọn ìyá a máa gbé ọmọ tí ọ̀fìnkìn dí nímú wá, pé kí Bàbá jẹ́ kó fa òórùn ẹ̀rọ díẹ̀ kí imú rẹ̀ lè là. Bàbá á sì ṣílẹ̀kùn fún wọn! Tinúkẹ́ á lé wọn padà, wọ́n á máa pè é ní ìkà bí wọ́n ti ń lọ.

Alámù tó yẹ kó máa ké bí gáàsì bá jò wà lára ògiri. Bàbá fi náílọ́ọ̀nù wé e, ó ní ó ń dí ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbẹ́ wa lọ́wọ́. Tinúkẹ́ tú u. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, wọ́n ti tún wé e. Ó kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ẹni tó ni ilé iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Èsì kan ṣoṣo ló dé: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà! Ṣé àkísà ló máa dí páìpù ni?

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, bébà Tinúkẹ́ di búlúù lẹ́nu ilẹ̀kùn, kó tó wọlé rárá. Ó pa ẹ̀rọ, ó sì ní kí gbogbo wa bọ́ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Bàbá rẹ́rìn-ín.

"Umú mi kò gbọ́ nǹkan kan. Bébà lásán ló ń já ọ láyà."

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ má wọlé. Ẹ jẹ́ n wọ máàsìkì ná."

"Uṣẹ́ tí mo ti ń ṣe kí wọ́n tó bí ọ?"

Ó mú sípánà, ó wọlé lóun nìkan. Mo fẹ́ sá tẹ̀ lé e, Tinúkẹ́ di ẹ̀wù mi mú. "Bí o bá wọlé báyìí, èèyàn méjì ni mo máa gbé jáde." Ó ti fáàfù ìta tí gáàsì ń gbà wọlé, ó wọ máàsìkì, ó sì ń so èkejì mọ́ mi lójú. Láti ẹnu ilẹ̀kùn, mo rí Bàbá tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó fi imú kan páìpù bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó yí sípánà. Gáàsì tú yàà sí i lójú, ó sì kígbe.

A wọ́ ọ jáde, ó di ìdí ẹ̀rọ omi. Èrò ti pé. Ẹnì kan gbé epo pupa dé, ẹlòmíràn gbé mílíìkì inú agolo, wọ́n ní ká dà á sí i lójú. "Omi nìkan!" ni Tinúkẹ́ ń ké. Ó fi ìka la ìpéǹpéjú Bàbá, ó ń da omi sí i fún bí ogún ìṣẹ́jú, Bàbá ń sunkún, èrò ń bú u pé ó ń fìyà jẹ àgbàlagbà. Mo gba agolo mílíìkì náà, mo sọ ọ́ sígbó.

Ní ilé ìwòsàn ní Ìdó, dókítà ní ojú òsì máa ríran. Kò tíì lè sọ nǹkan kan nípa tọ̀tún. Ó wá bi Bàbá bóyá òórùn náà ti pọ̀ kó tó wọlé.

"Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mi ò gbóòórùn ohunkóhun mọ́," ni Bàbá wí. "Ìyàwó mi lè jó ẹja mọ́ iná, mi ò ní mọ̀. Bí mo bá sọ ọ́, ta ló máa jẹ́ kí n máa ṣe ọ̀gá níbẹ̀?"

Ọdún mẹ́rin! Orí mi gbóná, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ burúkú. Tinúkẹ́ ló ṣáájú mi, tìbínútìbínú.

"Ẹ ò bá ti sọ fún mi, Bàbá. Ǹ bá máa yẹ páìpù wò fún yín láràárọ̀, n kì bá sì sọ fún ẹnikẹ́ni."