Àǹtí Mi àti Ẹyin Ìjàpá Òkun

Àbúrò bàbá mi obìnrin, tó ń ta ọṣẹ ní Teshie, ní Àkrà níbí, kì í lọ sọ́jà láìkọ́kọ́ rin etí òkun wò, àjẹ̀ ọkọ̀ léjìká. Ó ti fi fọ́ orí àwọn tó ń pa ìjàpá òkun rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a bá ọkùnrin méjì tí wọ́n ń fi àdá la àyà ìjàpá kan láàyè. Àǹtí ju ara rẹ̀ lé ìjàpá náà. Àdá gé e lápá.

“Alata, kúrò níbẹ̀,” ni ọ̀kan wí, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí.

Àǹtí fi àjẹ̀ gbá a lórúnkún, mo gbọ́ bí egungun ṣe kán. Èkejì gbé e sá lọ.

Ìjàpá náà ti kú. Mo ní, “Àǹtí, ẹ jẹ́ ká lọ ọsibítù.”

“Ẹyin wà nínú rẹ̀. Gbẹ́ iyanrìn.”

Ó fi ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ kó wọn jáde, a sì rì wọ́n mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn bí oṣù méjì, méje péré ló di ọmọ. Ó tẹ̀lé wọn dé etí omi, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ gbogbo akàn tó sún mọ́ wọn pa.