Orúkọ Tí Wọ́n Fi Ń Pè Mí Létí Adágún

"Eyínfúnjowó o! Akọ̀wé! Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi, omi ti tó, ẹ máa bọ̀!"

Ìyá dúró sórí òkúta létí adágún, wọ́n fi ọwọ́ kan bojú nítorí oòrùn tó ń lọ wọ̀, èéfín ẹja ń rú lẹ́yìn wọn. Bí wọ́n bá ti pe orúkọ kan, orí ọmọ kan á yọ láàárín òṣíbàtà, á fọ́n omi lẹ́nu, á máa rẹ́rìn-ín. Ohùn ìyá máa ń dẹ̀ tí wọ́n bá ń pe àwọn orúkọ yẹn, bí ẹni ń fi òrí pa ọmọ tuntun lára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá kọjú sí ibi tí èmi jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, èmi tí omi ò tíì kàn lára látàárọ̀.

"Ṣùbúọlá! Yí ẹja yẹn padà kó tó jóná."

Ṣùbúọlá lásán. Bí tíṣà ṣe ń pe orúkọ nínú rẹ́jísítà.

Ìyá tí mò ń sọ yìí kọ́ ló bí mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n. Wọn ò rí ọmọ bí, ìyá mi sì bí méje, ni wọ́n bá fi mí fún wọn nígbà tí n ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Ọkọ wọn ń pẹja nínú adágún kan tí ìjọba sé lẹ́yìn Ìsẹ́yìn. Ilé wa ò ju yàrá méjì lọ, pẹ̀lú àtíbàbà tí a ti ń yan ẹja. Tí ọlidé ńlá bá dé, láàárín òjò, tí koríko ti ga ju èèyàn lọ, àwọn ọmọ ẹbí ọkọ wọn á wọ bọ́lẹ̀kájà láti Ìbàdàn àti Ṣakí wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ wa. Àwọn mẹ́ta ni mo máa ń sọ jù: Rúùtù, Múníru àti Gbádébọ̀. Múníru fi ọdún kan jù mí lọ. Mo ju àwọn méjì yòókù.

Ẹni tó bá dàgbà nílé bíi tiwa mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ọkọ ẹ̀ ni gbogbo wọn. Orúkọ mìíràn ló máa wá fún kálukú. Eyín Rúùtù funfun, ó di Eyínfúnjowó. Múníru kì í rìn láìfi pẹ́ńsùlù há etí, ó di Akọ̀wé. Gbádébọ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀, ó di Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Èmi ńkọ́? Ìyá ló mú mi wá láti ilé tiwọn. N kì í ṣe ọmọ ilé ọkọ wọn. Torí náà n ò rí nǹkan kan gbà.

Mo jowú. Mi ò ní pa á mọ́ ní ọjọ́ ogbó mi. Èmi ni mò ń jí fi pòròpórò ọkà dáná tí ìrì ṣì wà nílẹ̀. Èmi ni mò ń ká ẹja àrọ̀, tí mò ń fi igi ìgbálẹ̀ gún ìrù mọ́ ẹnu kó lè rí roboto lórí iná. Òórùn ẹja ò kúrò ní èékánná mi, ǹ báà fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fín iná ló wá ń jẹ́ orúkọ adùn. Ọdún kan, mo fi orín pákò fọ eyín mi títí ẹran ìdí eyín fi ṣẹ̀jẹ̀, kí ìyá lè rí i pé tèmi náà funfun. Wọn ò kíyè sí i. Mo wá bi wọ́n léèrè níbi tí a ti ń fọ ẹja.

"Ìyá, èmi ńkọ́? Kí lẹ máa pè mí?"

Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣé o ti gbàgbé orúkọ ẹ ni?"

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹja tó jẹ́ ti Rúùtù wà lórí iná, mo jókòó tì í, mo ń wò ó, mo jẹ́ kó jóná di èédú. Wọn ò nà mí. Wọ́n kàn pe orúkọ mi jẹ́jẹ́, wọ́n sì fún Rúùtù ní tiwọn jẹ.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá yìí ni Bàbá Jùmọ̀kẹ́, ọkọ mi, kú. Ọdún mẹ́rìnlélógójì la fi gbé pọ̀. Nígbà tí wọ́n ti kó àga àti ìbòòrùn lọ tán, tí olúkúlùkù ti padà sílé rẹ̀, ó wá ku èmi àti ìró ọ̀kadà tó ń kọjá níta. Jùmọ̀kẹ́ ra fóònù fún mi, ó ní kí n yéé wo ògiri. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n mo lè fi ìka kan tẹ ọ̀rọ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọ Gbádébọ̀ kó gbogbo wa jọ sórí Wasáàpù, àwa tí a ò ríra láti bí ogún ọdún, ó pe ibẹ̀ ní Àwọn Ọmọ Adágún.

Ariwo wá ta. Rúùtù, tó wà nílùú òyìnbó báyìí, fi ohùn ránṣẹ́: "Ẹ rántí bí màmá ṣe ń pè mí? Eyínfúnjowó! Eyín ọ̀hún ti ku mẹ́sàn-án o!"

Gbádébọ̀ fèsì: "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rèé. Ikùn ò jẹ́ kí n rí bàtà mi mọ́."

Àwọn ọmọ wọn ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ-ọmọ ń bèèrè ìtàn. Tí wọ́n bá ṣì nǹkan sọ, èmi ni mò ń tún un ṣe. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wa kì í ṣe Sùlé, Sùúrù ni. Obìnrin tó ń wá ra ẹja láti Ìgbẹ́tì, Adéọtí ni. Ọ̀ràn orúkọ èèyàn, kì í bọ́ lórí mi. Ibẹ̀ ni Rúùtù ti bi mí:

"Ìyá Jùmọ̀kẹ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ orúkọ gbogbo ayé, kí ni màmá ń pe ẹ̀yin ná?"

Mo mú fóònù lọ́wọ́. Owú àtọjọ́ náà dìde nínú mi bí ẹni pé àná ni. Mo tẹ̀ ẹ́: Ìbàdíàrán.

Irọ́ ni. Orúkọ obìnrin tí ìdí rẹ̀ yẹ aṣọ àrán ni, orúkọ àpọ́nlé, n ò sì gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rí. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà á. "Háà, Ìbàdíàrán!" Lójoojúmọ́, "Ẹ káàárọ̀ o, Ìbàdíàrán." Ó dùn mọ́ mi fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta ó ti ń há mi lára bí aṣọ aláṣọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta náà ni Múníru pè mí.

"Ìyá Jùmọ̀kẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán sà."

"Ìbàdí wo?"

Ẹ̀rín pa mí, ojú sì tì mí.

"Ìbàdí tí o fi jókòó ti iná látàárọ̀ dalẹ́ yẹn? Àrán ọ̀hún á ti jóná." Ó wúkọ́, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ yí padà. "Màmá ò pè ọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣé o mọ̀ pé mo máa ń jowú ẹ?"

"Èmi? Nítorí ẹja gbígbẹ?"

"Ọdún tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ lọ́dọ̀ yín, wọ́n jókòó tì mí, àárò ilé ń sọ mí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pè mí ní Múníru bí ìyá mi ṣe ń pè é. Wọ́n ní, 'Ẹnu mi ò gbà á, ọkọ mi.' Ṣùgbọ́n tí omi bá tán, Ṣùbúọlá. Tí iná bá fẹ́ kú, Ṣùbúọlá. Tí wọ́n bá lálàá burúkú, Ṣùbúọlá. Nínú gbogbo ilé yẹn, ìwọ nìkan ni wọ́n lè pè bí ìyá ṣe ń pe ọmọ."

Èmi náà ṣe ìyàwó. Èmi náà fún àwọn ọmọ ilé ọkọ mi lórúkọ adùn, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Ìbẹ̀rù wà níbẹ̀, ìṣọ́ra wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àlejò ni. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ la ẹnu pe Jùmọ̀kẹ́ tí mo bí lórúkọ ní gbangba ilé ọkọ mi, ṣe ló dà bíi pé mo bọ́ bàtà tó há. Mo mọ gbogbo èyí fún ara mi. N ò fi ro ti ìyá rí.

Ó gbà mí tó wákàtí kan kí n tó tẹ̀ ẹ́ tán: Ẹ dákun, mo purọ́. Ìyá ò pè mí ní Ìbàdíàrán rí. Ṣùbúọlá ni wọ́n ń pè mí.

Gbádébọ̀ ló kọ́kọ́ fèsì. "Kò burú, mà. Ṣùgbọ́n àwa ò lè pè yín bẹ́ẹ̀ o. Àgbà wa ni yín." Rúùtù ní Ìbàdíàrán lòun ó ṣì máa pè mí, ó kúkú bá mi mu.

Ni owú bá tún gbé mi. Tiwọn, ọmọ àná lè pè é, kò ní dà bí àrífín. Tèmi, àwọn tí ẹnu wọn gbà á ti ń lọ tán. Ìyá tó bí mi ti lọ. Ìyá ti lọ. Bàbá Jùmọ̀kẹ́ pàápàá ò pè é láti ìgbà tí a ti bímọ, àfi ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, nígbà tó ti gbàgbé pé a bí ẹnikẹ́ni, tó ń wò mí lórí ibùsùn, tó ń pè mí ní Ṣùbúọlá bí ìgbà tó ń fẹ́ mi.

Ní ìrọ̀lẹ́, Múníru fi ohùn ránṣẹ́ sí èmi nìkan. Mo tẹ̀ ẹ́. Orúkọ mi nìkan ló wà níbẹ̀, ó pè é lẹ́ẹ̀kan, ó fà á gùn, ikọ́ sì tẹ̀ lé e. Ohùn àgbàlagbà ọkùnrin ni. Síbẹ̀ mo ti dìde, mo ti dáhùn pé "Mà?" kí n tó rántí pé èmi nìkan ni mo wà nílé.

Owú yẹn ò tíì kúrò lára mi, mi ò sì rò pé ó máa kúrò. Ẹni tí mò ń jowú ló yí padà. Kì í ṣe Rúùtù mọ́. Ọmọdébìnrin kan ni, tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ ní ìgbà ogún lójúmọ́, tó sì ń fi ojú ríro dáhùn.