Ẹgbẹ́ Tí Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi Wọ̀ ní Amẹ́ríkà

Òórùn tùràrí àti ti ẹja díndín ló máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní àdúgbò Bagdadíyà, ní Jẹ́dà. Ibẹ̀ ló ti tọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ibẹ̀ náà ni ọmọ ti gbéra lọ sí yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Ìwọ náà mọ bí ó ṣe máa ń rí nínú ilé wa níhìn-ín: ìyá á sọ Yorùbá, ọmọ á fi Lárúbáwá dáhùn, ọ̀rọ̀ á sì yé àwọn méjèèjì. Ìgbà tí òkun wá wà láàárín wọn ni àìgbọ́ra-ẹni-yé bẹ̀rẹ̀.

Fọ́tò kan ló dá a sílẹ̀. Ọmọ náà fi í ránṣẹ́ sórí fóònù: òun àti àwọn ọmọbìnrin mìíràn wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn kan náà, gbogbo wọn ń fi ìka ṣe àmì kan. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn obìnrin akẹ́kọ̀ọ́ ni, wọ́n ti gba òun wọlé, arábìnrin ni àwọn sì ń pe ara wọn. Ẹ̀gbọ́n mi wo àmì ọwọ́ yẹn títí. Nínú àwọn fíìmù Nàìjíríà tó ti wò, ọmọbìnrin tó bá wọ ẹgbẹ́ ní yunifásítì, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa fi bá a mulẹ̀. Nínú ti Amẹ́ríkà, wọ́n á mutí yó títí wọn á fi já sínú odò ìwẹ̀, wọ́n á sì máa fi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ṣẹ̀sín. Ó pa méjèèjì pọ̀, ó fi ọmọ rẹ̀ sáàárín. Ó pè é, ó ní kó fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ tàbí kó máa bọ̀ nílé. Ọmọ sunkún, ṣùgbọ́n kò fi í sílẹ̀. Láti ìgbà náà, kíkí lásán ló kù láàárín wọn.

Òtẹ́ẹ̀lì kan ní àdúgbò Ṣubáíkà, nítòsí Mọ́sáláṣí Hárámù ní Mẹ́kà, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà, Mùsùlùmí, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, wá ṣe úmúrà, ó sì dé sọ́dọ̀ wa nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló júwe mi fún un. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Ásárì, mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó ń wọlé bọ̀ nínú àbáyà dúdú rẹ̀, ojú rẹ̀ le koko.

A jókòó sí gbọ̀ngán ìgbàlejò, èmi ni mo ń túmọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò fi ẹnu kan kọfí tí wọ́n gbé wá. Ó bi ọmọbìnrin náà bóyá wọ́n ń mutí. Ọmọbìnrin náà ní àwọn kan ń mu, àwọn kan kì í mu, kò sì sí ẹni tó fi lọ òun mọ́ látìgbà tí òun ti ní òun kì í mu. Ẹ̀gbọ́n mi wá béèrè ohun tí wọ́n fi ń búra.

“Ẹ̀jẹ́ kan wà,” ni ó sọ. “Ẹ má bínú, Àlàájà, mi ò lè sọ ọ́, torí mo ti ṣèlérí. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lòdì sí ti Ọlọ́run nínú rẹ̀.”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Àṣé ibẹ̀ gan-an ni ojú ẹ̀gbọ́n mi ti máa rọ̀. Ó sọ fún mi ní Yorùbá pé òpùrọ́ ì bá ti ní kò sí nǹkan kan.

Bóyá àlejò wa fẹ́ kí ọ̀rọ̀ túbọ̀ dùn ni, ó ní ojú iṣẹ́ abẹ ọmọ wa ti jinná dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n túmọ̀, mo sì túmọ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ fún wa rí. Àlejò wa ní ìfun ọmọ náà ló wú, wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n là á. Àwọn aláṣọ ọsàn yẹn ló ń gba ìdúró tì í lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fọ aṣọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wo bí wọ́n ṣe ń ro ògì lórí fóònù. Èyí tó kọ́kọ́ rò dì kókó, ó dà á nù, ó tún òmíràn rò.

“Ó ń pe ‘Ìyá mi o, ìyá mi o’ ṣáá,” ni àlejò wa sọ, ó pe Yorùbá náà bí ẹnu rẹ̀ ṣe gbé e. “A ò mọ ẹni tó ń pè.”

Èyí kò nílò ògbufọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó fa ọmọ ọlọ́mọ mọ́ àyà, ó sì sunkún sí i léjìká níṣojú àwọn àlejò òtẹ́ẹ̀lì. Kó tó padà sí Jẹ́dà, ó pe ọmọ rẹ̀. Kò bi í pé kí ló dé tó fi pa ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ náà mọ́. Ó kàn ní kó bá òun kí àwọn arábìnrin rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń wo fíìmù, ó sì ṣì ń bú àwọn ọmọbìnrin inú wọn. N kò bá a jiyàn. Bóyá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà níbì kan lóòótọ́. Ohun tí ó yé mi láti ọjọ́ yẹn ni pé ìbẹ̀rù tí a fi ń ṣọ́ ọmọ wa lè jẹ́ ohun tí kò ní jẹ́ kó lè pè wá lọ́jọ́ ìrora, àti pé lọ́jọ́ náà, àwọn tí a ń tìtorí wọn bẹ̀rù ló bá wa tọ́jú ọmọ.