Aṣọ́lé Tí Mo Fẹ́

Nígbà tí ọkọ mi wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi, káàdì ibi iṣẹ́ ló mú dání. Káàdì náà sọ pé akọ̀wé ni ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan ní Wharf Road, bẹ́ẹ̀ gbogbo Ajégúnlẹ̀ ló mọ̀ pé kò fi bírò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Aṣọ́lé ni, ẹni tó ń ṣọ́ ojú ilé kí bọ́ọ̀lù má bàa wọlé. Ilé iṣẹ́ náà ló ni ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó lókìkí jù l'Ékòó láàárín àwọn ọdún 1980, bí wọ́n sì ti máa ń ṣe é nìyẹn láyé ìgbà yẹn. Wọ́n á kọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù mọ́ ti òṣìṣẹ́, èyí akọ̀wé, èyí awakọ̀, èyí olùṣọ́ ilé ẹrù, kí owó oṣù rẹ̀ lè ríbi gbà jáde. Bàbá mi ti ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá títí ó fi fẹ̀yìn tì, díákónì sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó yẹ káàdì náà wò síwá sẹ́yìn, ó ní, "Akọ̀wé ni mo fọmọ mi fún o. Tó bá wu aṣọ́lé kó bá a wá, ìyẹn ò kàn mí."

Aṣọ́lé ni èmi fẹ́ ní tèmi. Ìbọ̀wọ́ tó ya ló kọ́kọ́ gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Boundary, níbi tí mo ti ń rán yunifọ́ọ̀mù fáwọn ọmọ iléèwé. Mo bi í pé irú iṣẹ́ wo ló ń fa ìbọ̀wọ́ ya báyìí, ó sì jókòó ṣàlàyé títí ilẹ̀ fi ṣú. N kò lọ sí pápá bọ́ọ̀lù rí láyé mi nígbà yẹn. Bàbá mi ò gbà kí ọmọbìnrin rẹ̀ débẹ̀.

Nígbà tá a wá ṣègbéyàwó tán, mo wọ bùbá tuntun, mo ní mo ń lọ wo ọkọ mi. Ẹnu géètì ni mo ṣì wà, tí mo ń ra ẹ̀pà, tí mo fi gbọ́ ariwo. Bọ́ọ̀lù ti gba àárín ẹsẹ̀ ọkọ mi wọlé. Bàbá àgbàlagbà kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tó máa ń fi òróró wọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá. Òun ló gbé òfin kalẹ̀ fún mi lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ìyàwó aṣọ́lé kì í wá sí pápá, pé ojú tó bá fẹ́ràn èèyàn jù máa ń mú un lọ́wọ́ gbọ̀n.

Onígbàgbọ́ ni wá, a kì í ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí. Ìyẹn lẹ́nu o. Nígbà tá a délé, ọkọ mi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kò lè wò mí lójú. Ó ní kì í ṣe pé òun gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ṣé mo lè máa dúró sílé ná. Inú bí mi gan-an. Mo bi í pé ṣé ẹ̀pà tí mo rà ló la ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, mo sì dúró sílé. Títí ọmọbìnrin wa fi bẹ̀rẹ̀ iléèwé, mo ṣì ń dúró sílé.

Ẹnu àwọn ẹlòmíì ni mo wá ń gbọ́ ọkọ mi. Ní Sátidé, màá tan rédíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì ìránṣọ, tí wọ́n bá sì ti dárúkọ rẹ̀, ẹsẹ̀ mi á dúró lórí pẹ́dà. Tó bá di ọjọ́ Ajé, onígbàjámọ̀ tó wà lódìkejì títì á fi oníbàárà sílẹ̀ pẹ̀lú irun àbọ̀, á wá fi bí ọkọ mi ṣe fò hàn mí. Ó máa ń fò lóòótọ́, tòun ti síńsọ̀sì lọ́wọ́. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì nítòsí wa á ní irọ́ ló ń pa, pé ọkọ mi kì í fò rárá, pé bọ́ọ̀lù ló máa ń wá bá a níbi tó bá dúró sí. Mo ń gbọ́, mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kì í dùn tán. Gbogbo ayé ló mọ ohun tí ọkọ mi ń ṣe tó bá jáde nílé, àfi èmi tí mò ń fọ jẹ́sì ẹlẹ́rẹ̀ rẹ̀, tí mò ń fi omi gbígbóná jó o lórúnkún. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ọkọ̀ òkun tí ilé iṣẹ́ náà ń rí ti dínkù, náírà sì ti rù kan eegun. Ẹyin àti mílíìkì tí wọ́n máa ń fún wọn ní kámpù ló kọ́kọ́ lọ. Bọ́ọ̀sì wọn ló tẹ̀ lé e. Èmi àti ọkọ mi pàdé bọ́ọ̀sì náà lọ́jọ́ kan ní Liverpool Road, wọ́n ti fi ọ̀dà pa orúkọ ẹgbẹ́ náà rẹ́ lára rẹ̀, páálí ẹja tútù ló kún inú ẹ̀. Ọkọ mi dúró wò ó títí tó fi yí kọ́nà. Lẹ́yìn náà ni owó oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó fà títí ó fi já.

Ohun tó wá dùn wá jù ni pé àsìkò yẹn gan-an ni rédíò ń pariwo pé líìgì wa fẹ́ di ti àwọn tó fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe. Wọ́n ní kò ní sí akọ̀wé orí ìwé mọ́, agbábọ́ọ̀lù á máa jẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ tí kò bá sì lówó tó lè gbé e dúró, kó yáa máa lọ sílé. Ọkọ mi ní gbogbo ìgbà tóun fi ń jẹun lórí bọ́ọ̀lù ní kọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó yọ òun lẹ́nu. Ìgbà tí wọ́n wá ní kóun máa jẹ ẹ́ ní gbangba ni wọ́n gbé abọ́ kúrò níwájú òun.

Ní Boundary, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń rí olówó kan tó fẹ́ ra ẹgbẹ́ náà. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, olówó á ti sọnù. Àwọn kan ní ìjọba ló máa gbà á. Àwọn kan tilẹ̀ ní líìgì náà fúnra ẹ̀ ò ní lè délé, nítorí ẹgbẹ́ tó wà lókè ọ̀hún náà ò rí owó epo mọ́tò. Bàbá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó mi orí, ó ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Nígbà tó yá, ọ̀gá ilé iṣẹ́ pè wọ́n jọ, ó sọ ọ́ síta. Ẹgbẹ́ ò ní wọ líìgì tuntun. Ìdíje tí wọ́n máa gbá nílé ní Sátidé tó ń bọ̀ ni ìkẹyìn. Ẹni tó bá wù nínú wọn lè wá ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ mọ́ ọn lórúkọ látọjọ́ yìí, nítorí náà ọkọ mi máa di akọ̀wé gidi. Mo rò pé inú bàbá mi á dùn. Ó wá sílé wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó ti ọkọ mi, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ó ní òun á máa yà lẹ́yìn ìsìn láti fi iṣẹ́ ìwé ẹrù hàn án, pé kò le. Ó wá gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi."

Ohun kan ṣoṣo ló gbà mí lọ́kàn: tí Sátidé yẹn bá kọjá, n kò ní rí ọkọ mi lójú ilé mọ́ láéláé. Mo gbé e mọ́ra títí di Ọjọ́bọ̀. Mò ń rán ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo sọ ọ́.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n wá."

Ó mọ ibi tí mò ń wí. Ó ní, "Tí wọ́n bá wá gbá a wọlé mọ́ mi lọ́wọ́ ńkọ́?"

"Màá ti rí i nìyẹn. Ẹ mú un o, ẹ má mú un o, ojú ara mi ni mo fẹ́ fi rí yín."

Ó ní kí n lọ bi Bàbá. Mo lọ bá a nínú kámpù, ó ń di àwọn ìgò òróró rẹ̀ sínú àpò. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó fún un. Ó ti ìgò ọwọ́ rẹ̀ bọ inú àpò, ó ní, "Ìyàwó, máa bọ̀. Kí ló tún kù tá a fẹ́ dáàbò bò?"

Báyìí ni mo ṣe wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí pápá. Onígbàjámọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù, ó bá mi lọ. Koríko ti hù dé ọrùn ẹsẹ̀, èrò ò tó nǹkan, ẹnikẹ́ni ò sì wá láti Wharf Road. Mo rí i tó rìn lọ sójú ilé, tó fọwọ́ kan òpó kìíní, tó fọwọ́ kan ìkejì, tó wá fò di igi òkè mú. Ó ga ju bó ṣe ga nílé lọ. Mo ń wò ó bí ìgbà tó kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi.

Àwọn tí wọ́n fẹ́ bá gbá ò wá. Rẹfirí wo aago rẹ̀, ó tún wò ó. Wọ́n ń ti òkè ọya bọ̀, a rò pé mọ́tò wọn bà jẹ́ lọ́nà ni. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé wọn ò tiẹ̀ kúrò nílé, owó ọ̀nà ni wọn ò rí. Nígbà tí àkókò kọjá, rẹfirí ní káwọn tiwa tò, ẹnì kan gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n òfìfo tó wà lápá ọ̀hún, ó sì fọn fèrè. Wọ́n ní a ti borí.

Ọkọ mi ṣì dúró lójú ilé tirẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tí mo rán. Kò sẹ́ni tó gbá ẹyọ bọ́ọ̀lù kan sí i. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo sunkún, n kò fi bò. Gbogbo sùúrù mi láti ọdún wọ̀nyí wá, òfo ló já sí.

Bàbá ló rí mi. Ó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹfirí, ó rìn gba àárín pápá kọjá, ó gbé e kalẹ̀ níwájú ilé. Ó pe àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ti ń tú bàtà, ó ní, "Ìyàwó wa ò tíì rí nǹkan kan." Ó wá na ọwọ́ sí mi pé kí n máa bọ̀. Ẹ̀yìn àwọ̀n gan-an ló ní kí n dúró sí, òun tó ní ìyàwó aṣọ́lé kì í wá sí pápá.

Wọ́n ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbá a, wọn ò sì ṣàánú rẹ̀. Ó ń fò. Ó ń mú òmíràn, òmíràn ń wọlé wá bá mi nínú àwọ̀n. Mo wá gbọ́ ohun tí onígbàjámọ̀ ò sọ, tí rédíò ò sọ. Kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù, ọkọ mi kì í dákẹ́. Ó ń bá bọ́ọ̀lù náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, "Máa bọ̀, máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi," ohùn tó fi máa ń pe ọmọ wa tí ara rẹ̀ bá gbóná, tí kò fẹ́ wá lo oògùn. Mo mọ ohùn yẹn bí ẹni mọ owó. Èmi nìkan ló wà níbi tí wọ́n ti lè gbọ́ ọ.

Nígbà tí wọ́n gbá tán, ọ̀kan nínú wọn yí bọ́ọ̀lù sí mi. "Madam, na your turn be dis o."

Mo bọ́ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, mo yí wá síwájú ilé. Mo gbá a. Kò le, ó yí gba inú koríko lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọmọ ọwọ́ lè fi ẹsẹ̀ dá a dúró. Ọkọ mi kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó kó o mọ́ àyà, ó sì dojú bolẹ̀ lé e lórí. Mo rò pé ó ń ṣeré. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo wá rí i pé èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Mo jókòó sílẹ̀ tì í nínú ẹrẹ̀ tòun ti aṣọ funfun mi. Mo gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, níbi tí nọ́ńbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ tán. Kò gbójú sókè.

Ó ní, "Má tíì ní ká máa lọ."

Mo ní a ò ní lọ.