Ọmú Tó Tún Hù Láyà Ọmọ Mi

Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira, nígbà tí mo ń ṣe tíṣà ní Kàbà, ọmọkùnrin mi àgbà ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ṣẹ́ẹ̀tì kọ ebè. Ẹni tó bá mọ oko wa mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun kékeré. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin máa ń ṣe àáró: lónìí, gbogbo wọn á kọ ebè lóko bàbá ẹnì kan, lọ́jọ́ mìíràn, ó di oko bàbá ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí. Kò sí ẹni tó ń wọ aṣọ nídìí ebè. "Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé" ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ń pè é.

Bàbá tó máa ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ kí ọmọ tó sín ni mí. Mo pè é wọ yàrá, mo ní kó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Abẹ́ orí ọmú rẹ̀ lápá òsì ti wú, ohun tó wà níbẹ̀ le díẹ̀, ó tó ẹyin àdàbà.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Bí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án, kò dùn mí, sà."

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ìgbà tí ohùn mi ń yí padà."

A wọ lọ́rì lọ sí ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì ní Ẹ̀gbẹ̀. Dókítà tẹ àyà rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó tẹ ikùn rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó sì béèrè oògùn tó ń lò. Kò rí àìsàn kankan. Ó ní ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin tó ń bàlágà ló máa ń ní in, pé fúnra rẹ̀ ni yóò lọ. Mo ní bó bá pẹ́ kó tó lọ ńkọ́? Mo béèrè títí, ọmọ náà sì sọ pé ó ń dun òun lóko, ni dókítà bá gbà láti yọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò ṣèlérí pé kò ní padà.

Ojú iṣẹ́ abẹ náà san dáadáa. Kí iṣu tuntun tó jáde, ọmú ti tún hù níbẹ̀, ó sì ti mú èkejì dání sápá ọ̀tún. Mo fi rúlà wọn méjèèjì.

"Bàbá," ọmọ mi wí, "ẹ ṣáà má kọ ọ́ sí pátákó o."

A padà sí Ẹ̀gbẹ̀. Dókítà ṣàlàyé fún mi lédè Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún ọmọ. N kò rí orúkọ tí mo lè pe họ́mónù, mo bá sọ pé iṣẹ́ tí ara ń rán ni, tí ẹ̀jẹ̀ ń jẹ́ kiri. Ara ọkùnrin ń rán ti ọkùnrin, ó sì ń rán ti obìnrin díẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà ìbàlágà, ìwọ̀n méjèèjì lè má tíì bá ara mu, ẹran ọmú a sì gbọ́ ti obìnrin, a wú. A ti gé èyí tó wú, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jẹ́ iṣẹ́ náà, ìwọ̀nba ẹran tó kù níbẹ̀ sì gbọ́ ọ.

"Ẹ tún un gé," mo wí.

"Bí mo bá gé e báyìí, ó tún lè padà. Ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ dàgbà tán ná."

Ṣùgbọ́n àáró ò lè dúró dè é. Oko wa ló kàn. Ẹni tí kò bá sí lóko bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ àáró, ẹgbẹ́ ti lé e nìyẹn, kò sì ní rí ọ̀rẹ́ bá ṣeré mọ́.

"Bàbá, ẹ sọ fún wọn pé ibà ń ṣe mí."

Ó dùn mí láti kọ̀, ṣùgbọ́n mo kọ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó de bọ́tìnì rẹ̀ dé ọrùn, a sì jọ lọ.

Oòrùn mú. Ìyá mi gbé iṣu sísun àti epo dé. "Òkun o!" ló fi kí wọn. Bí wọ́n ti ń dáhùn, ẹnì kan tẹnu bọ ọ̀rọ̀.

"Ìyàwó, ṣé ooru ò mú ọ ni?"

Ìyá mi sọ igbá kalẹ̀. "Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn? Ìwọ? Ìwọ tí ọmú rẹ wú nígbà tí wọ́n bí ọ, tí mo ń fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, tí mo ń fún un! Wàrà ń tú jáde, ìyá rẹ ń sunkún pé òun bí ọkùnrin tó fẹ́ di olómú!"

Wọ́n sọ ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́!"

"Ẹ̀bẹ̀ ti pẹ́. Gbogbo yín ni mo wẹ̀. Ta ló kàn?"

"Ìyá, tèmi ńkọ́?" ẹnì kan tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ béèrè.

"Tìrẹ? Tìrẹ ni à bá fi dá ọjà wàrà sílẹ̀!"

Dókítà ti sọ fún mi pé iṣẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ìyá ń jẹ́ ló ń mú ọmú ọmọ tuntun wú, pé kò yẹ ká máa tẹ ọmú náà, torí ó lè dégbò. Ó yẹ kí n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọmọ mi náà ń rẹ́rìn-ín, mo bá pa ẹnu mi mọ́.

Ó tú bọ́tìnì rẹ̀, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì kọ́ ẹ̀ka igi. Àwọn yòókù wò ó. Ẹni tó pè é ní ìyàwó sún mọ́ ọn.

"Èyí náà lò ń fi pamọ́ látijọ́ yìí? Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Bí nǹkan bá gbá a."

"Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibí, kí èèkù ọkọ́ mi má bàa gbá ọ."

Wọ́n padà sídìí ebè. Ọmú náà pẹ́ kó tó fà sẹ́yìn. Ó ju ọdún kan lọ, mo sì ń fi rúlà wọ̀n ọ́n títí ọmọ náà fi gba rúlà lọ́wọ́ mi. A ò tún sọ̀rọ̀ abẹ mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ àáró yẹn, ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọmọ wa látòkè délẹ̀.

"Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ dà?"

Ọmọ náà wo àyà ara rẹ̀ bí ẹni pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. "Yéè! Mo gbàgbé ẹ̀ sóko."

"Ṣẹ́ẹ̀tì tuntun! Bàbá rẹ̀, ẹ ò wá bá a wí?"

Mo gbìyànjú láti lejú. N kò rí i ṣe.