Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Pa Rédíò Ọkọ̀

Ọjọ́ tí à ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Dansoman, ní ìlú Accra, ni n kò lè gbàgbé. Ó ti pẹ́ tí iwájú ọkọ̀ bàbá mi ti ń ró gbọ̀gbọ̀gbọ̀, ṣùgbọ́n ṣe ni bàbá máa ń yí rédíò sókè. Kí a tó kúrò ní Lagos Town, àdúgbò wa ní Accra, ìyá mi pa rédíò náà.

Ó ní, "Bàbá Ràfíù, ẹ yà sọ́dọ̀ fítà, àbí kí n sọ̀kalẹ̀."

Bàbá yà síbẹ̀. Fítà, ìyẹn mẹkáníìkì, fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè. Bó ṣe mi táyà báyìí, bọ́ọ̀lù jọ́ìnì, irin tó di ẹsẹ̀ táyà mú, já, táyà wó sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Alhamdulilahi."

Trotro, ọkọ̀ akérò, la wọ̀ lọ. Wọ́n ti sọmọ lórúkọ tán, ṣùgbọ́n gbogbo wa la dé láyọ̀.

Ní báyìí, tí ọkọ̀ bá ti ró díẹ̀, bàbá fúnra rẹ̀ ló ń pa rédíò. Á ní, "Ìyá Ràfíù, bá mi gbọ́ ọ wò."