Omi Tí Kò Ṣàn

Mo ṣì ń rántí bí omi ìrìbọmi mi ṣe tutù tó. Inú táńkì ni wọ́n pọn ọ́n sí, nínú ilé ìkẹ́rùsí tí ìjọ Aládùúrà wa háyà ní River Road nílùú òyìnbó níbí, torí odò tó wà nítòsí kò ṣeé wọ̀. Ọmọ Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú ni mí. Ọkọ mi ló mú mi débẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá àgbà tó ń ṣe olùṣọ́ ìjọ wa ló mú kí n dúró. Ó ní ibojì ni omi ìrìbọmi: èèyàn á wọ̀ ọ́ bí òkú, á bá Jésù jíǹde. Ó ní láyé àwọn Kristẹni ìṣáájú, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń rini bọmi, tí wọ́n ń gbọ́wọ́ léni lórí, tí wọ́n sì ń gbani sídìí tábìlì Olúwa. Mo gbà á gbọ́ pátápátá. Mo rò pé bí mo bá ti jáde nínú omi báyìí, gbogbo ayé á yé mi.

Ìyá mi gbọ́ nílé ní Ìjẹ̀bú pé mo ti ṣèrìbọmi. Ó pè mí, ó ní òun kò bínú, àmọ́ òun ò lè máa gbọ́ ohùn mi mọ́. Àwọn àgbà ní ìyá ni wúrà. Mo fi wúrà tèmi sílẹ̀. Ó kú láìtún bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti sin ín kí n tó rí ọkọ̀ òfuurufú wọ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni bàbá àgbà fẹ̀yìn tì. Olùṣọ́ tuntun dé, ó ní ìrìbọmi inú táńkì kì í ṣe ìrìbọmi, odò Jọ́dánì ń ṣàn. Kí gbogbo wa lọ tún un ṣe nínú odò kan lẹ́yìn ìlú kí a tó lè jẹ oúnjẹ Olúwa. Mo lọ bá a, mo bi í bóyá omi ló ń gbani ni, tàbí orúkọ tí wọ́n pè lé wa lórí.

"Sister, omi tí kò ṣàn kò lè gbé ẹ̀ṣẹ̀ lọ," ló fèsì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ìyá mi ni mo fi sílẹ̀ fún àkọ́kọ́, sà. Ta ni kí n fi sílẹ̀ fún èkejì?"

Ọkọ mi bá wọn lọ; èmi kò lọ. Bí wọ́n bá ń pín búrẹ́dì àti wáìnì, wọ́n á gbé e kọjá níwájú mi. Nígbà tó yá, mo jókòó sílé. Mọ́ṣáláṣí náà kò ṣeé padà sí. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé mo ti dé?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì ìrìbọmi, bá mi ní kíṣìnì. "Mummy, ṣé ó máa ń yí èèyàn padà, for real?"

Gbogbo ẹ̀kọ́ bàbá àgbà ni mo ṣì mọ̀ lórí. Mo wá èyí tí mo lè sọ fún un nínú wọn, n kò rí. Mo ní kó lọ bi dádì rẹ̀.